Kí Ní Ń Pa Ẹja Inú Adágún Ẹ̀yìnkùlé?

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí kẹ́mísírì omi, mo ronú púpọ̀ lórí ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. N kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Adágún ẹja kan tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé lórí adágún yìí ni èmi, tí mo ti ń kọ́ni ní kẹ́mísírì láti ọdún pípẹ́, ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí ó sì kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nínú ilé.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ni adágún náà. Màmá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n sí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3, omi inú rẹ̀ sì jìn tó mítà kan. Epìyà bíi 120 àti àrọ̀ bíi 30 ni ó kó sínú rẹ̀. Àwọn epìyà náà ti dàgbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀n tó 200 gíráàmù. Láàárín ilé Màmá àti ilé kejì, ògiri kúkúrú kan àti gọ́tà kan ni ó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó yá yàrá méjì ní ilé kejì náà dá ọgbà ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni ó ń gbìn tà, a sì máa fín oògùn apakòkòrò sí wọn ní òwúrọ̀ gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, ọdún 2022, Màmá jí, ó bá epìyà 11 tí wọ́n ti kú, tí wọ́n léfòó sójú omi. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, ó tún bá 23. Ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé. Ní ìpàdé tí a ṣe ní Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 17, gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi pé èmi ni mo mọ̀ nípa kẹ́míkà. Mo dìde, mo sì ṣàlàyé bí oògùn apakòkòrò ṣe ń pa ẹja. Mo rán àwọn àgbà létí Gammalin 20, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín kòkó láyé ọjọ́un, tí àwọn apẹja kan sì ń dà sínú odò kí ẹja lè kú léfòó. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ nípa oògùn. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé n kò tí ì fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ etí adágún náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún Màmá níbẹ̀, ó ní bí ó bá jẹ́ oògùn òun ni, òun kò ní í fín in mọ́. Kò sì fín in mọ́. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22, epìyà 19 tún kú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ: wọ́n ní inú ni ó ń bí i, pé ó ti fo ògiri lóru láti wá da oògùn sínú omi. Onílé rẹ̀ ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí oṣù Ògún tó parí. Ìgbà yìí ni ara ń ta mí, tí mo sì lọ síbi tí ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó tako ọ̀rọ̀ mi ni ìwé àkọsílẹ̀ Màmá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò lè sin ẹja láìkọ nǹkan sílẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí ẹja kú, iye tí ó kú, àti irú èyí tí ó kú. Nínú ẹja 53 tí ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àrọ̀ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Epìyà ni gbogbo wọn, àwọn tí ó tóbi jù ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìfín-oògùn ni ikú èkíní ṣẹlẹ̀, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni èkejì, ọjọ́ mẹ́fà sì ni ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ni ó ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ní apá ọ̀tún ìwé náà, Màmá tún ń kọ bí ojú ọjọ́ ti rí, nítorí aṣọ tí ó ń sá. Ìkúùkù bo ojú sánmà ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ikú kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo inú gọ́tà. Bí oògùn bá ti ọgbà ẹ̀fọ́ wá sí ibi adágún, inú gọ́tà yìí ni yóò gbà kọjá. Tanwíjí kún inú omi rẹ̀, wọ́n ń lọ sókè sódò bí ẹni pé ayé wọn gún régé. Nínú adágún pàápàá, àwọn kòkòrò tí ń sáré lójú omi wà láàyè, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Oògùn tí a ṣe láti pa kòkòrò kò lè pa epìyà tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ kí ó sì fi kòkòrò sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ májèlé ni, ẹja kéékèèké ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú, kì í ṣe ńlá. Nígbà tí mo dìde nídìí gọ́tà náà, ìtìjú mú mi.

Bí kì í bá ṣe oògùn, kí ni? Ìwà àrọ̀ ni ó fi ọ̀nà hàn mí. Epìyà a máa mí nínú omi: yóò gba omi sẹ́nu, yóò tú u jáde lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, níbi pupa tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn inú omi náà. Àrọ̀ ní irú èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tún ní ẹ̀yà ara mìíràn lókè rẹ̀ tí ó pẹ̀ka bí igi, tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ bí àwa náà ṣe ń mí in. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i tí ó ń yọ orí lójú omi tí ó sì ń padà, ìdí náà sì nìyí tí ó fi ń pẹ́ láàyè nínú agbada oníṣòwò ní ọjà. Ohun tí ó bá pa epìyà nínú omi tí kò sì fọwọ́ kan àrọ̀, àìsí ọ́síjìn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀ kì í mọ bí ẹja ti tálákà tó ní ti ọ́síjìn. Nínú lítà kan afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ọ́síjìn tó bíi 270 mílígíráàmù. Lítà kan omi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius kò lè gba ju bíi 7.5 mílígíráàmù lọ láti inú afẹ́fẹ́. Èyí kò ju ìdá kan nínú 35 lọ. Bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni èyí tí ó lè gbà ń dín kù. Omi tí ó wà ní ìwọ̀n 20 a máa gba bíi 9. Adágún Màmá gba lítà 12,000. Bí omi rẹ̀ bá gba ọ́síjìn dé ojú àmì, gbogbo rẹ̀ pátá kò ju 90 gíráàmù lọ. Ẹ wá wo bùkátà: epìyà 120 jẹ́ kílò 24. Ẹja tí ó ti jẹun, kílò kan rẹ̀ lè lo 200 sí 300 mílígíráàmù ní wákàtí kan. Ní wákàtí 12 òru, epìyà nìkan lè jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú 90 gíráàmù náà. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́, díẹ̀ ni ó ń ti ojú omi wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹja nìkan kọ́ ni ó ń mí nínú omi náà. Omi Màmá ní àwọ̀ ewé, ó sì ń fi í yangàn pé ó dà bí odò. Àwọn ewéko tíntìntín tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó fún un ní àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ewédò ni n ó máa pè wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1771, Joseph Priestley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ewéko tí a fi sínú ìgò pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ti jó tán a máa tún afẹ́fẹ́ náà ṣe. Nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò, nígbà mìíràn ó ṣeé ṣe, nígbà mìíràn kò ṣeé ṣe. Ní 1779, oníṣègùn ará Họ́láńdì kan, Jan Ingenhousz, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi tú àdììtú náà: inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ewé ti ń ṣe iṣẹ́ rere yìí. Nínú òkùnkùn, ewé náà a máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹranko. Ewédò inú adágún kò yàtọ̀. Lọ́sàn-án, ó ń fún ẹja ní ọ́síjìn, débi pé omi lè ní ju ohun tí ó yẹ kí ó gbà lọ. Lóru, òun náà ń bá ẹja jẹ nínú àwo kan náà, ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ tí ó kún fún oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù sì ń bá wọn jẹ níbẹ̀. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni àwo náà ń gbẹ.

Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ṣùgbọ́n mo ti gba nǹkan gbọ́ nínú ọ̀ràn yìí nígbà kan rí láìdán an wò. Nítorí náà, ní òru ọjọ́ 26 mọ́jú ọjọ́ 27 oṣù Agẹmọ, mo gbé àga lọ sí etí adágún. Ọgbọ́n tí mo lò ni èyí tí Lajos Winkler, ará Họ́ńgárì, gbé jáde ní 1888. A ó bu omi kún ìgò láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ kankan wọ inú rẹ̀, a ó fi iyọ̀ mángáníìsì sí i, a ó sì fi èkejì tí ó ní áyódáìdì àti omi líle bí omi eérú sí i. Nǹkan kan yóò dì nínú ìgò náà. Bí ọ́síjìn bá wà, ohun tí ó dì yóò ní àwọ̀ igi. Bí ọ́síjìn bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà yóò ṣe dúdú tó. Bí kò bá sí ọ́síjìn rárá, funfun ni yóò dúró.

Mo ti bu ìgò kìíní ní aago méjì ọ̀sán: àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kókò tí a pò láìfi mílíìkì sí. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ó ti mọ́ díẹ̀. Ní aago méjì òru, ó dà bíi tíì onímílíìkì. Láti nǹkan bí aago mẹ́rin ni epìyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá, wọ́n kó ẹnu jọ sí ojú omi gan-an, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Màmá jókòó tì mí, ó gbé fìtílà dání. Ó ní, “Ṣé ebi ni?” N kò dá a lóhùn. Ní aago márùn-ún, mo bu ìgò kẹrin. Ohun tí ó dì nínú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ ògì. Nígbà tí mo wọn àwọn ìgò náà ní yàrá ìṣàyẹ̀wò wa lọ́jọ́ kejì, ìgò kẹrin kò ní tó mílígíráàmù kan nínú lítà. Ní òru yìí ẹja kò kú, nítorí pé oòrùn ràn ní ọ̀sán rẹ̀, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òru pẹ̀lú ẹrù tí ó pọ̀. Ní ọjọ́ tí ìkúùkù bá bo oòrùn, díẹ̀ ni ewédò ń rí ṣe, ìgò tí ó yẹ kí ó funfun ní aago márùn-ún yóò ti funfun ní aago mẹ́ta. Òun ni apá ọ̀tún ìwé Màmá ti ń sọ fún wa.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo sọ ohun gbogbo fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ti èkíní.” Ó tọ̀nà. Ní ìpàdé ọjọ́ 21 oṣù Ògún, mo tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níwájú gbogbo ilé, mo sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lójú wọn: mo bu ìgò kan láti inú ẹ̀rọ, mo bu èkejì láti inú omi tí mo ti sè tí mo sì dé pa kí ó tó tutù. Wọ́n rí àwọ̀ igi, wọ́n rí funfun. Onílé rẹ̀ gba ìwé tí ó fún un padà kí a tó jáde níbẹ̀. Àwọn méjì kan wà tí wọn kò gbà síbẹ̀síbẹ̀. N kò lè sọ pé n kò mọ ẹni tí ó kọ́ wọn.

Àtúnṣe tí a ṣe sí adágún náà kò le. Màmá dín oúnjẹ ẹja kù, kò sì fún wọn lóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. A tú omi ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ dànù. A kó epìyà tí ó tóbi jù tà. Ó ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń fa omi sókè tí ó sì ń tú u padà bí òjò ní òru. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé omi kànga jíjìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kì í ṣe oògùn fún ọ̀ràn yìí bí a bá kàn rọra gbà á wọlé nípasẹ̀ páìpù. Omi tí ó ti abẹ́ ilẹ̀ wá sábà máa ń ní ọ́síjìn kékeré. Àfi kí a jẹ́ kí ó já láti òkè kí ó lè bá afẹ́fẹ́ pàdé.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ mi parí síbí, bí kò bá jẹ́ pé mo ti ṣe àṣìṣe kejì. Mo ti sọ fún Màmá pé àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́, pé àìsí ọ́síjìn kò lè tètè pa á. Màmá jẹ́ ẹni tí ó ń fi ẹ̀kọ́ ṣe nǹkan. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, ó kó epìyà kúrò, ó kó àrọ̀ 250 wọlé. Kí wọ́n tó dé, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ gbogbo ohun yíyọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ara ògiri adágún, títí ó fi mọ́ bí àwo oúnjẹ. Ó fún wọn ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi ti padà ní àwọ̀ ewé, àrọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọn kò kú ní ìdájí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, nínú oòrùn gangan, nígbà tí ọ́síjìn kún inú omi.

Amóníà ni ó pa wọ́n. Nínú kílò kan oúnjẹ ẹja tí purotéènì rẹ̀ tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún, náítírójìn tó 64 gíráàmù wà níbẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹja ń fi dàgbà; ìyókù, inú omi ni ó ń lọ, amóníà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn bakitéríà kan wà tí ń sọ amóníà di náítíráítì, tí àwọn mìíràn sì ń sọ náítíráítì di náítírẹ́ètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ni ó kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890. Ní 2015 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú kan wà tí ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ilé wọn ni ohun yíyọ̀ tí Màmá fi búrọ́ọ̀ṣì ha dànù. Nítorí ìmọ́tótó, ó lé àwọn agbálẹ̀ jáde nínú ilé. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó padà pọ̀ tó ohun tí a nílò.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọ̀sán? Ọ̀nà méjì ni amóníà ń gbà wà nínú omi. Èkíní kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja ní nǹkan. Èkejì, tí ó jẹ́ afẹ́fẹ́, ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja tí ó sì ń pa á. Bí omi bá ṣe le bí omi eérú tó ni èkejì yìí ń pọ̀ tó. Nínú omi wa tí ó gbóná tó ìwọ̀n 28, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tí ó léwu kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ 8, ó tó bíi 6 tàbí 7. Bí ó bá di 9, ó ti tó 40. Ewédò a máa fa afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ẹja mí jáde mu lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ yìí sì ni ó ń mú kí omi kan díẹ̀. Bí ó bá ti tán, pH a gòkè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo wọn omi Màmá, pH jẹ́ 7.4; ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ti kọjá 9. Amóníà kò pọ̀ sí i láàárín wákàtí náà. Àwọ̀ aṣọ ni ó pa dà.

Nígbà tí Màmá pè mí sí ikú èkejì yìí, kò wo ìhà ògiri rárá. Ìwé rẹ̀ ni ó gbé lé mi lọ́wọ́. Ó ti fa ìlà tuntun méjì sí i: ọ̀kan fún wákàtí, ọ̀kan fún bí ẹja ṣe ń ṣe kí ó tó kú. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti ọ̀tẹ̀ yìí kò kó ẹnu jọ sójú omi. Wọ́n ń yí po bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ìdajì iṣẹ́ mi ni ó ti ṣe kí n tó dé.

Àrọ̀ 60 àti epìyà 40 ni ó wà nínú adágún náà lónìí. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọṣẹ kan ògiri rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, a máa ń tú omi ìsàlẹ̀, páìpù kan sì ń gbé e gba orí ògiri kúkúrú náà lọ sí ìdí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ní ilé kejì, nítorí pé amóníà tí ń pa ẹja ni ewé ń jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó ra páìpù.